Àwọn Tó Ń Ní Kí A Gbé Kòkó Padà: Ìtàn Àyẹ̀wò Kòkó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí àgbẹ̀ kì í fẹ́ kó pàdé wọn, tí oníṣòwò náà kì í sì í fẹ́ rí wọn, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n sọ kòkó wa di ọjà tí òyìnbó ń fi owó gidi rà. Gírédà là ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n tú ẹnu àpò, kí wọ́n la kòkó, kí wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Bí ó bá dára, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Bí kò bá dára, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín gbé e padà.

Bí a bá ń ka ìtàn ọrọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ àwọn olóṣèlú la máa ń gbọ́. A máa ń gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nípa tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, nípa Cocoa House. A kì í sábà gbọ́ nípa ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìkẹ́rù-sí, tó fi ọ̀bẹ la kòkó ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ̀ láti pe èyí tí kò dára ní dáradára. Lójú tèmi, òun ni òpó tó gbé gbogbo ilé náà ró. Bí wọ́n ṣe ri òpó yìí mọ́lẹ̀, bí a ṣe fi ọwọ́ ara wa hú u, àti ohun tó yẹ ká ṣe báyìí, ni mo fẹ́ sọ.

Bí kòkó ṣe dé, àti bí orúkọ rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ bàjẹ́

Ní ọdún 1874 ni Olóyè Squiss Ibaningo gbé kòkó láti erékùṣù Fernando Po wá gbìn sí Bonny. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Èkó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Nínú wọn, Jacob Kehinde Coker ni òléwájú, ẹni tó dá oko ńlá sí Ifakọ̀ lẹ́bàá Agége, tó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ìjọ African Church sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti òkè wá ṣe lébìrà nínú àwọn oko Agége yìí. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n sì gba irúgbìn kòkó pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe wọ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Ìjọba kọ́ ló pa á láṣẹ. Àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí i pé owó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbìn ín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú kòkó tó máa ń dán ìwà ọmọ ènìyàn wò. Bí àgbẹ̀ bá fọ́ èso kòkó tán, kò tíì ṣetán fún ọjà. Yóò kó ọmọ inú rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò fi ewé bò ó, yóò sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, yóò máa tú u, yóò máa yí i, kí ooru inú rẹ̀ lè kárí. Inú ooru yìí ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ tán.

Bí kòkó bá ti ń kan, tó sì ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n rẹ̀ ń dín kù. Àgbẹ̀ tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ yóò gbé ẹrù tó fúyẹ́ dé orí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá bò ó fún ọjọ́ kan péré, tó sá a ní ààbọ̀, tí ó sì tún fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹrù tirẹ̀ á wúwo. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, iye kan náà ni àwọn tó ń ra kòkó kiri abúlé ń san fún èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹni tó ṣe òótọ́ ló ń pàdánù. Kò yà wá lẹ́nu pé kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní orúkọ rere lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì nígbà náà.

Ìjọba gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì

Ní àwọn ọdún 1920 ni ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, dá àyẹ̀wò kòkó sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà, wọ́n pín wọn káàkiri ibi tí wọ́n ti ń kó ọjà jọ. Òfin dé pé kòkó tí kò bá gba òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ pé ìjìyà nìkan kò lè tún ọjà ṣe. Wọ́n ní láti fi han àgbẹ̀ pé èrè wà nínú iṣẹ́ tó mọ́. Wọ́n wá ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú kí wọ́n kó ara wọn jọ, kí wọ́n bo kòkó wọn bó ṣe yẹ, kí wọ́n gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rà á sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ tó mọ̀ pé gbogbo àpò tó wà níwájú òun ló dára kì í kọ̀ láti fi nǹkan lé iye tó ń san. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin wọn jáde ní 1935, ẹgbẹ́ Gbẹ́dùn ní agbègbè Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà, ní 1937. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yá owó lónìí mọ̀ pé orí kòkó tó kan dáadáa ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ wọn wà.

Ohun tí gírédà ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n to àpò sí ilé ìkẹ́rù-sí. Gírédà dé, ó mú irin ṣóńṣó kan tó ní ihò, ó gún un wọ inú àpò láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ máa ń fi èyí tó dára sí ẹnu àpò, kí wọ́n fi èyí tí kò dára sí ìdí. Ohun tí irin náà bá fà jáde ni yóò dà pọ̀. Yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Kòkó tí wọ́n fi iná igi yan, tí wọn kò sá sí oòrùn, máa ń rùn èéfín, kò sì sí ohun tí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì lè ṣe tí èéfín yẹn yóò fi kúrò lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́. Àpò mélòó kan tó rùn báyìí lè ba ti ọ̀pọ̀ àpò mìíràn jẹ́ bí wọ́n bá lọ̀ wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni yóò ka ọmọ kòkó 300. Yóò fi ọ̀bẹ la wọn lóròó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì tẹ́ wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó kan dáadáa á ní àwọ̀ búráùn, inú rẹ̀ á sì ní ìlà wẹ́wẹ́. Èyí tí kò kan tó á ní àwọ̀ àlùkò. Èyí tí kò kan rárá á rí bí síléètì tí àwọn ọmọ iléèwé ìjọ́sí fi ń kọ̀wé, ó dúdú eérú, ó sì le. Òmíràn ti bu. Òmíràn ti hù. Kòkòrò ti wọ inú òmíràn.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fẹnu kò sí nínú àwọn ọdún 1960 lábẹ́ FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé fún gíréèdì kìíní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó rí bí síléètì kò gbọdọ̀ ju ìdá 3, àwọn tó ní kòkòrò, tó hù tàbí tó pẹlẹbẹ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3 lápapọ̀. Fún gíréèdì kejì, ó jẹ́ 4, 8 àti 6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 300, bí 9 bá bu, àpò náà ṣì wà ní gíréèdì kìíní. Bí ó bá pé 10, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ọmọ kòkó kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Níbi ọmọ kòkó kan yìí ni gbogbo ìjà máa ń wà. Oníṣòwò á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa, èyí ò bu o, ìdọ̀tí ni." Àgbẹ̀ tó gbé ẹrù wá láti oko á bẹ̀bẹ̀ pé owó iléèwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Gírédà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Kòkó yín ò tíì gbẹ. Ẹ gbé e padà, ẹ lọ sá a sí i." Kò bú u, kò gba kòkó rẹ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bàbá á padà, á tún kòkó náà tẹ́ sí oòrùn, á ṣa èyí tó bu kúrò, á sì gbé e padà wá.

Àpò tó bá yege, wọ́n á fi òjé dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ gíréèdì sí i lára. Bí ó bá dé èbúté, wọ́n á tún yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amsterdam kò mọ àgbẹ̀, kò mọ gírédà, kò sì lè dé abúlé láé. Òǹtẹ̀ àti òjé yẹn nìkan ló ní. Orí wọn ló fi owó rẹ̀ lé.

Ìgbà tí owó bá òótọ́ rìn

Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ríra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Bọ́ọ̀dù Ọjà ti Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn.

Ohun tí Bọ́ọ̀dù ṣe nípa gíréèdì rọrùn láti sọ, àmọ́ ó yí gbogbo nǹkan padà. Kí sáà kòkó tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde iye tí wọ́n máa san fún gíréèdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín wọn hàn sí gbogbo ènìyàn. Gíréèdì mẹ́rin ló wà níbẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ṣírò ó fúnra rẹ̀, ó rí i pé ìwọ̀n tí òun pàdánù nígbà tí kòkó ń kan, tó sì ń gbẹ, owó gíréèdì kìíní yóò dá a padà, yóò sì tún lé e. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó Ìwọ̀-Oòrùn ti di gíréèdì kìíní. Àwọn gíréèdì tó kéré jù kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí Bọ́ọ̀dù kò rà wọ́n mọ́. Ilẹ̀ kò yí padà, igi kò yí padà, àgbẹ̀ kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó ṣe dáadáa ń jẹ èrè rẹ̀, ẹni tó sì ṣe ìrẹ́jẹ rí i pé wọn kò gbà á lọ́wọ́ òun.

Lára owó tí irú kòkó bẹ́ẹ̀ mú wọlé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lò nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ní 1962. Cocoa House alájà 26 tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965 ṣì ń jẹ́ orúkọ kòkó títí di òní.

A kò gbọdọ̀ fi òótọ́ pa mọ́. Bọ́ọ̀dù kò mọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Iye tó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí ayé ń ra kòkó, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ti 1962 (kì í ṣe Coker ti Agége) sì tú àṣírí bí owó Bọ́ọ̀dù ṣe gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́wọ́ òṣèlú. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí tó pọ̀ lápọ̀jù nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Àwọn gírédà kan sì wà tí wọ́n ń gba rìbá, tí wọ́n ń sọ gíréèdì kejì di kìíní fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà wọn, tí wọ́n sì ń fi gíréèdì kejì dẹ́rù ba àgbẹ̀ tí kò lẹ́nìkan. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo, nítorí òǹtẹ̀ tí wọ́n tà kì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀, ìdúró ilé iṣẹ́ náà lápapọ̀ kò yẹ̀. Ní sáà 1970 sí 1971, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 308,000 ni Nàìjíríà kórè, kò sì sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ lókè òkun pé irú kòkó wo ni yóò bá nínú àpò.

1986: ọdún tí wọ́n hú òpó

Nígbà tó di 1986, ìjọba ológun Babangida tú àwọn Bọ́ọ̀dù ọjà oko ká lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP. Àgbẹ̀ yọ̀, ó sì ní ìdí. Owó kòkó lọ sókè lójijì, owó náà sì ń dé ọwọ́ rẹ̀. N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí Bọ́ọ̀dù padà wá bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń da omi wẹ̀ ọmọ nù, wọ́n da ọmọ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀dù tó ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ àti ọ̀bẹ gírédà tó ń dáàbò bo orúkọ àgbẹ̀, ìjọba kò yà wọ́n sọ́tọ̀ tó.

Ẹnikẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ wá di oníṣòwò kòkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bìkítà fún kòkó. Dọ́là ni wọ́n ń wá, kòkó sì ni ọ̀nà tó yá jù láti rí i. Wọ́n ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lábúlé, wọ́n ń ra tutù, wọ́n ń ra gbígbẹ, wọ́n ń ra èyí tó kan àti èyí tí kò kan, ní iye kan náà. Ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ bá nílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 ló padà wá. Àgbẹ̀ tó rí i pé aládùúgbò òun tà ní ọjọ́ kejì tó fọ́ kòkó, tó sì gba owó kan náà, kò rí ìdí tí òun yóò fi bo tòun fún ọjọ́ mẹ́fà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn tó ń rà á lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Kòkó tó bu wà nínú ẹrù, kòkó tutù wà, ìdọ̀tí wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó kòkó Nàìjíríà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Orúkọ tí ọ̀bẹ fi ọgọ́ta ọdún kọ́, sáà díẹ̀ ló tó láti bà á jẹ́.

Ẹ wo Gánà tó wà nítòsí wa. Ọdún 1947 náà ni wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó tiwọn sílẹ̀. Àwọn náà gba ọ̀pọ̀ àtúnṣe, àwọn náà jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni máa rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ni wọn kò fi sílẹ̀. Títí di òní, ìjọba wọn ló ń la kòkó, òun ló sì ń dí àpò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì fi ń san owó lé e fún kòkó Gánà, nígbà tí wọ́n ń yọ nínú ti Nàìjíríà. Oòrùn kan náà ló ń ràn sórí àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí

Àyẹ̀wò kò parun pátápátá nílẹ̀ wa. Àwọn ìpínlẹ̀ ní òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò tiwọn, ìjọba àpapọ̀ sì ní àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní èbúté. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí ìjọba fi ń wọn iṣẹ́ gírédà ni iye owó tó pa wọlé, kì í ṣe iye àpò tó dá padà. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á gba owó, wọ́n á já ìwé, ọkọ̀ á sì lọ láìsí ẹni tó tú àpò kan. Owó orí nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Bẹ́ẹ̀ ayé tí a ń tajà fún ti le ju ti ìgbà Bọ́ọ̀dù lọ. Láti 2008 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fi òfin de ìwọ̀n oògùn apakòkòrò tí wọ́n lè bá nínú kòkó. Gamalin 20 tí àwọn bàbá wa ń fín sí oko láìbẹ̀rù ti di èèwọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ń béèrè pé kí a lè tọ́ka sí oko gan-an tí kòkó ti wá, kí a sì fi hàn pé kì í ṣe igbó tuntun ni wọ́n pa láti gbìn ín. Nígbà tí kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024, ìdánwò ti àtijọ́ náà tún padà: àwọn kan ń ká èyí tí kò tíì pọ́n, àwọn kan ń ta tutù, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ń tà. Ọjà tó gbóná kì í gbóná títí. Bí ó bá rọlẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ dára ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa kò ṣòro. Ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti dáàbò bo ọjà. Ó gba kí owó àti òfin wà lẹ́yìn ẹni tó ń kọ èyí tí kò dára, kí a sì san owó fún ẹni tó gbé èyí tó dára wá débi tí yóò fi rí i pé òun kò ṣiṣẹ́ lásán. Níbi tí méjèèjì ti wà, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ṣe iṣẹ́ tí ayé fọwọ́ sí. Níbi tí wọn kò sí, ọ̀mọ̀wé ló ń ta kòkó tó bu.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ tí kòkó ti ń jáde ni pé kí wọ́n yé ka gírédà mọ́ àwọn tó ń gba owó orí. Ẹ kọ́ wọn, ẹ san owó oṣù tí wọn kò fi ní nawọ́ gba rìbá, kí ẹ sì gbè wọ́n lẹ́yìn nígbà tí olówó bá pè yín lórí fóònù nítorí pé wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tó ń kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ san iye tó yàtọ̀ fún kòkó tó yàtọ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ bo kòkó yín pé ọjọ́, ẹ má sá a sórí títì ọ̀dà, ẹ má fi iná yan án. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín tòótọ́-tòótọ́ pé kòkó yín kò tíì gbẹ, ẹ gbà fún un. Ọ̀rẹ́ yín ni.